Mínìtì Kan Tó Sọnù ní Káńsù Wa, àti Ibi Tí A Ti Padà Rí I

Ọjọ́ Tuesday kan ni, òjò ti rọ̀ mọ́jú, iná ò sí, mo jókòó sí ọ́fíìsì mò ń fi fáìlì fẹ́ra, ni Màmá kan bá wọlé, obìnrin mẹ́ta tẹ̀lé wọn. Ìyálọ́jà àwọn alátà ni Màmá yìí, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, wọ́n ti ń ta ata ní Abuja kí èmi tó mọ ọ̀nà Lọ́kọ́ja rárá. Mo gbé àga fún wọn, wọn ò jókòó. Wọ́n tú etí ìró wọn, wọ́n yọ ìwé kan tí wọ́n ká sí mẹ́rin, wọ́n tẹ́ ẹ sórí tábìlì mi, wọ́n ní, "Ọmọ Ọ̀ffà, ìjàkadì lorò yín àbí? Ìwé yìí ni kí o bá mi jà lónìí."

Fọ́tòkọ́pì ni. Fọ́tòkọ́pì tí wọ́n ṣe láti ara fọ́tòkọ́pì mìíràn ni ká kúkú sọ, torí lẹ́tà ibẹ̀ ti ń sá lọ. Ojú ewé méjì, mínìtì ìpàdé àwọn kánsẹ́lọ̀ wa láti sáà méjì sẹ́yìn. (Mínìtì ni mo máa pè é jálẹ̀ o, torí bí gbogbo wa ṣe ń pè é níbí nìyẹn, ẹni tó bá fẹ́ kó pè é ní àkọsílẹ̀ ìpàdé.) Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé ilé ìgbìmọ̀ pinnu pé gbogbo àwọn tí wọ́n wó àtíbàbà wọn nígbà tí wọ́n ń tún ọjà ṣe ni wọ́n máa kọ́kọ́ fún ní ṣọ́ọ̀bù tuntun tó wà lẹ́yìn ọjà. Kò sí ìbuwọ́lù nísàlẹ̀ rẹ̀. Kò sí òǹtẹ̀. Lókè lápá ọ̀tún, béèyàn bá fi ojú súnmọ́ ọn, ó máa rí D àti R, ìyókù ti parẹ́, ṣùgbọ́n gbogbo wa mọ ohun tó máa ń tẹ̀lé D àti R lórí ìwé ọ́fíìsì: DRAFT, ìwé tí wọn ò tíì parí.

Àwọn tó wà nípò báyìí ní àwọn ò mọ nǹkan kan nípa ìpinnu yẹn. Wọ́n ní tí irú ẹ̀ bá ṣẹlẹ̀, kí Màmá mú mínìtì tí wọ́n buwọ́ lù wá. Màmá ní ṣé òun ni akọ̀wé káńsù ni? Lọ́yà wọn ní kí wọ́n wá béèrè ẹ̀dà tí wọ́n fọwọ́ sí pé òótọ́ ni, torí ìyẹn nìkan ni kóòtù máa gbà tí kì í bá ṣe ojúlówó ìwé gan-an, bí òfin ẹ̀rí ọdún 2011 ṣe sọ. Bí iṣẹ́ ṣe bọ́ sí mi lọ́rùn nìyẹn, torí ọ́fíìsì akọ̀wé ilé ìgbìmọ̀ ni mo wà, èmi ni wọ́n fi fáìlì síkàáwọ́ rẹ̀, ó kéré tán bó ṣe wà lórí ìwé.

Mi ò ní dárúkọ káńsù náà. Ọ̀kan nínú mẹ́fà tó wà ní FCT, ìyẹn agbègbè olú ìlú Nàìjíríà, ni: Abaji, AMAC (ti ìlú Abuja gan-an), Bwari, Gwagwalada, Kuje, Kwali, ẹ mú èyí tó bá wù yín, ohun tí mo fẹ́ sọ yìí lè ṣẹlẹ̀ nínú èyíkéyìí, ó sì lè ṣẹlẹ̀ nínú ìjọba ìbílẹ̀ 768 yòókù tó wà káàkiri Nàìjíríà.

Màmá ò mọ ìwé kọ. Mo mọ̀ pé àwọn kan lọ́fíìsì wa á ti sọ pé kí wọ́n lọ kọ lẹ́tà wá, kí wọ́n fi ìyẹn rán wọn lọ títí ó fi máa sú wọn. Ṣùgbọ́n òfin FOI, òfin tó fún aráàlú lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ìwé ìjọba, èyí tí wọ́n buwọ́ lù ní May 2011, ti ro ti irú Màmá yìí mọ́ ọn: tẹ́nìkan bá fẹnu béèrè, òṣìṣẹ́ tó gbọ́ ọ ló máa kọ ọ́ sílẹ̀ fún un. Òfin yẹn náà ní kò pọn dandan kéèyàn sọ ìdí tó fi fẹ́ ìwé. Torí náà mo mú bírò, mo kọ ọ́, mo kà á fún wọn lédè Yorùbá, wọ́n tẹ ìka sí i. Ọjọ́ 7 ló kù fún wa. Mo kọ déètì sára ògiri pẹ̀lú pẹ́ńsù.

Ọ̀gá mi, Mallam kan báyìí, ọmọlúàbí èèyàn, wo ìwé náà, ó mí kanlẹ̀. Ó ní ní gbogbo ìgbà tí òun ti wà níbẹ̀ òun ò tíì rí mínìtì sáà yẹn sójú rí. Ó ní kí n lọ wo stóò.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí stóò yẹn ṣe rí. Ẹ̀yìn ilé jẹnẹrétọ̀ ló wà, ilẹ̀kùn ẹ̀ ò tì dáadáa, orí páànù ẹ̀ ń jò níbi méjì. Wọ́n ti kó fáìlì sínú Ghana-must-go, wọ́n to àwọn àpò yẹn lé ara wọn lórí, wọ́n wá gbé àga tó ti ṣẹ́ lé gbogbo ẹ̀. Ìbò ti pọ̀ ju ibi tí a ń to nǹkan sí lọ: pósítà ìdìbò 2013, ti 2016, ti 2019, gbogbo ẹ̀ wà níbẹ̀ tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí mi. Nígbà yẹn ọdún 3 3 ni sáà káńsù nílẹ̀ Abuja, tí alága tuntun bá dé, àwọn èèyàn ẹ̀ á fẹ́ ọ́fíìsì, wọ́n á ní kí wọ́n kó "àwọn ìwé àtijọ́ yẹn" kúrò. Kò sẹ́ni tó ń béèrè ibi tí wọ́n kó o lọ. Mo kọ́kọ́ rò pé ikán ni ọ̀tá, torí mo gbé àpò kan báyìí, ìdí ẹ̀ já bọ́, ohun tó wà nínú ẹ̀ ti di iyẹ̀pẹ̀ pupa tó rí bíi gààrí tí wọ́n dín jù. Ọjọ́ méjì ni mo fi tú àwọn àpò tó kù. Mo rí fáwúṣà, mo rí ìwé ìgbéyàwó, mo rí fọ́tò ayẹyẹ kan tí gbogbo wọn wọ aṣọ ẹgbẹ́jọdá. Mínìtì, rárá o.

Mo yí sọ́dọ̀ kọ̀ǹpútà. Ọmọbìnrin tó ń tẹ̀wé fún wa sọ pé dẹ́sítọ́ọ̀pù ìgbà yẹn ti kú, wọ́n ti kó o lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń tún un ṣe, ẹni yẹn náà ti kó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀. Ẹ̀dà kan wà nínú fláàṣì, ṣùgbọ́n fláàṣì wà lọ́wọ́ akọ̀wé àná, akọ̀wé àná ti wà ní Jos. Nígbà tí a pè é, ó ní àwọn ọmọ òun ti fi gba orin. Kánsẹ́lọ̀ àtijọ́ kan ní òun ti ya fọ́tò mínìtì yẹn sórí WhatsApp nígbà náà, ó fi ránṣẹ́, inú mi dùn, mo ṣí i, kò sẹ́ni tó lè ka nǹkan kan níbẹ̀, torí WhatsApp ti fún fọ́tò yẹn pọ̀ títí lẹ́tà fi dọ̀bọ̀ọ̀bọ̀. Ohun tí mò ń sọ ni pé ìwé yìí ní ẹ̀dà bíi mẹ́rin, gbogbo wọn sì ti kú ikú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Ọjọ́ kẹta ni nǹkan kan ṣẹlẹ̀ tí mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni lọ́fíìsì. Èèyàn kan tó lẹ́nu nínú káńsù, ẹ má béèrè irú ẹnu tó ní, pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan níbi ọkọ̀ ẹ̀, ó ní kí ló ń dà mí láàmú, ṣebí ikán ti jẹ stóò yẹn, kí n kúkú kọ ọ́ pé ikán jẹ ẹ́, kí ọ̀rọ̀ tán níbẹ̀. Ó ní àwọn ṣọ́ọ̀bù yẹn ti ní olówó. Mo dá a lóhùn pé "ẹ ṣeun sà," mo padà wọlé. Mi ò fẹ́ ṣe bí akọni o, ẹ̀rù bà mí. Ṣùgbọ́n mo ti ka òfin FOI yẹn dé ìpín kẹwàá, níbi tí wọ́n ti ní òṣìṣẹ́ ìjọba tó bá mọ̀ọ́mọ̀ ba ìwé jẹ́ tàbí tó yí i padà kó tó fún ẹni tó béèrè, ẹ̀wọ̀n ẹ̀ ò gbọ́dọ̀ dín ní ọdún kan. Ìyàwó mi ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Mo ronú sí i pé èwo ni mo fẹ́ fi ṣeré nínú méjèèjì.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo rántí Bàbá. Bàbá yìí ni akọ̀wé ilé ìgbìmọ̀ nígbà tí ìpàdé yẹn wáyé, ó ti fẹ̀yìn tì, ọmọ Ìjùmú ni ní Kogi, Kubwa ló ń gbé. Wọ́n sọ pé òun ni ọkùnrin tó máa ń pààrà ọ̀dọ̀ àwọn tó ń di ìwé ní gbogbo December, tí wọ́n á sì máa fi í rẹ́rìn-ín. Mo wọ ọkọ̀ lọ lọ́jọ́ kejì. "Òkun o," ni wọ́n fi kí mi, mo dáhùn, wọ́n gbé ẹ̀wà àti gààrí síwájú mi kí n tó dẹ́nu lé ohun tó gbé mi wá. Mo fi fọ́tòkọ́pì Màmá hàn wọ́n. Wọ́n wò ó bí ìṣẹ́jú kan, wọ́n rẹ́rìn-ín.

"Ìpàdé wo lẹ̀ ń wá?"

Mo dárúkọ déètì tó wà lórí ẹ̀.

"Ibẹ̀ lẹ ti ń ṣì í. Ẹ wá ti ìpàdé tó tẹ̀lé e."

Ẹ wò ó, ó ti pẹ́ tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí, mi ò ro ibẹ̀ rárá, ó sì jẹ́ ohun tí à ń ṣe lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀. Bó ṣe ń lọ ni pé akọ̀wé á kọ mínìtì sílẹ̀ níbi ìpàdé, á lọ tẹ̀ ẹ́, á pín in. Ṣùgbọ́n kò tíì di ti ilé ìgbìmọ̀ nígbà yẹn, ìwé akọ̀wé ṣì ni. Ìgbà tí wọ́n bá tún jókòó ni wọ́n á kà á lójú ewé kọ̀ọ̀kan, ẹni tó bá ní àtúnṣe á sọ ọ́, wọ́n á kọ àtúnṣe yẹn sínú mínìtì ìpàdé tuntun, ẹnìkan á dábàá pé kí wọ́n gbà á, ẹlòmíì á gbè é lẹ́yìn, ẹni tó ń darí ìpàdé á wá buwọ́ lù ú. Torí náà béèyàn bá fẹ́ mọ ohun tí ilé pinnu lọ́jọ́ Wednesday, inú ìwé Wednesday tó tẹ̀lé e ló wà. Ohun tí Màmá dì mọ́ láti ọjọ́ yìí ni èyí tí wọ́n pín kí wọ́n tó tún un ṣe. Kánsẹ́lọ̀ wọn ló fún wọn, inú rere ló fi fún wọn, kò sì padà wá fún wọn ní èkejì.

Bàbá ò rántí ohun tí wọ́n tún ṣe. Ṣùgbọ́n wọ́n rántí ibi tí ìwé wà. Wọ́n ní nígbà tí wọ́n ń lé àwọn kúrò ní ọ́fíìsì, àwọn mọ̀ pé tí àwọn bá kó o sí stóò ó ti parí nìyẹn, ni àwọn bá lọ bẹ ọ̀gá kan ní ẹ̀ka ìṣúná, ọ̀rẹ́ àwọn, wọ́n gbé ìwé mẹ́jọ tí wọ́n ti dì sínú yàrá tí wọ́n ń kó rìsíìtì sí, torí ilẹ̀ ibẹ̀ jẹ́ sìmẹ́ńtì líle, ilẹ̀kùn ẹ̀ jẹ́ irin, ikán ò rí ibi gbà wọlé. "Mo kọ ọ́ sínú ìwé ìfiṣẹ́sílẹ̀ mi," wọ́n ní, "ẹni tó gbà á lọ́wọ́ mi ò kà á ni." Bí wọ́n ṣe sọ ọ́, wọ́n dìde, wọ́n wọ yàrá, wọ́n mú ẹ̀dà ìfiṣẹ́sílẹ̀ yẹn jáde, tí gbogbo ẹ̀ ṣì mọ́ kedere nínú àpòòwé. Àwọn àgbà ní ọmọdé lè láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Mo ti gbọ́ òwe yẹn láìmọye ìgbà, ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ rí àkísà tí wọ́n ń sọ.

Àárọ̀ ọjọ́ karùn-ún, a ṣí yàrá irin. Ìwé mẹ́jọ, páálí dúdú, nọ́ńbà wúrà lẹ́yìn, wọ́n tò wọ́n sí ìsàlẹ̀ pátápátá nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Ìsàlẹ̀ yẹn ni wàhálà wà. Páìpù kan ti ń sun omi lára ògiri, ìwé méjì tó kángun ti mu omi láti ìsàlẹ̀ dé ìdajì, èyí tí a sì ń wá ni ọ̀kan nínú méjèèjì, ṣé ẹ mọ̀ pé bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ti fẹ́ gbé e síta sínú oòrùn, mo pariwo mọ́ ọn. Mo pe Bàbá lórí fóònù.

Wọ́n ní kí a má fi síta, oòrùn á mú kó ká jọ bí awọ, tádàwà á sì tún ṣá. Wọ́n ní kí a má fi tipátipá ya ojú ewé tó bá lẹ̀ mọ́ ara wọn. Kí a gbé ìwé náà nàró, kí a la a díẹ̀ bí abẹ̀bẹ̀, kí a fi tíṣù àti A4 tó mọ́ há àárín ewé mẹ́wàá mẹ́wàá, kí á tan fáànù, kí atẹ́gùn máa fẹ́ sínú yàrá ṣùgbọ́n kó má fẹ́ sára ìwé gan-an, tí tíṣù bá ti mu omi kí á yọ ọ́ kí á fi òmíràn sí i. Wọ́n ní kí á má jẹ́ kó di ọjọ́ kẹta o, ebu á ti hù. Mi ò mọ ibi tí wọ́n ti kọ́ gbogbo èyí. Nígbà tí mo béèrè, wọ́n ní nígbà tí àwọn wà ní ọ̀dọ́, wọ́n rán àwọn lọ sí ilé àkójọ ìwé ìjọba ní Kaduna fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́, ibẹ̀ ni wọ́n ti fi bí wọ́n ṣe ń ṣe é hàn wọ́n.

Mo mọ ibẹ̀. Nígbà tí mo wà ní yunifásítì mo lọ síbẹ̀ láti ka fáìlì Ìlọrin Province, ìwé tí àwọn aláṣẹ òyìnbó kọ láti nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, mo ka ọ̀rọ̀ nípa ìlú wa níbẹ̀ bí ẹni pé àná ni wọ́n kọ ọ́. Ìwé tó ti tó ọgọ́rùn-ún ọdún, mo kà á. Mínìtì tí kò tó ọdún mẹ́wàá ni mò ń fi tíṣù gbẹ yìí. Àtúntò 1976 ló fún wa ní ìjọba ìbílẹ̀ bí a ṣe mọ̀ ọ́n lónìí, ó ti lé ní 45 ọdún, káńsù mélòó ló lè gbé mínìtì ọdún àkọ́kọ́ ẹ̀ jáde? Mi ò fẹ́ mọ̀.

Jẹnẹrétọ̀ ni a fi tan fáànù, Mallam fi owó ara rẹ̀ ra epo, ó ní "sai haƙuri," ìyẹn pé sùúrù ló kù, ó bọ́ fìlà, ó jókòó tì wá. Ní ìrọ̀lẹ́ a rí ojú ewé náà. Ìpàdé tó tẹ̀lé e, nọ́ńbà 4, "àtúnṣe sí mínìtì tó kọjá." Ẹni tó darí ìpàdé lo jẹ́ẹ̀lì bírò láti fi buwọ́ lù ú, omi ti sọ ìbuwọ́lù yẹn di ìkuukùu búlúù kan, èèyàn á kàn mọ̀ pé nǹkan wà níbẹ̀ ni. Bàbá lo bírò lásán, èyí tí wọ́n ń tà fún aráàlú, kò sí ohun tó ṣe é. Ohun tí Bàbá kọ níbẹ̀ ni pé kánsẹ́lọ̀ kan rán ilé létí pé ohun tí wọ́n fẹnu kò sí kì í ṣe "gbogbo" àwọn tí wọ́n wó àtíbàbà wọn, bí kò ṣe àwọn tó bá san owó ìdúró láàárín 90 ọjọ́ tí wọ́n bá gba ìwé ìfitónilétí. Ilé gbà bẹ́ẹ̀. Wọ́n dábàá ẹ̀, wọ́n gbè é lẹ́yìn. Lára mínìtì tó ṣáájú gan-an, tí a di mọ́ inú ìwé kan náà, wọ́n ti fi bírò pupa fa ìlà sórí ọ̀rọ̀ yẹn, wọ́n kọ èyí tó tọ́ sétí, lẹ́tà orúkọ Bàbá àti ti ẹni tó darí ìpàdé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀.

Mo jókòó sílẹ̀. Ìwé tí mo wá kiri láti fi gba Màmá là, ó gbà wọ́n là lóòótọ́, torí ó fi hàn pé ìpinnu wà, àwọn tó ní kò ṣẹlẹ̀ rí ò lè sọ bẹ́ẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n ó tún gbé ọ̀bẹ lé ọrùn àwọn míì. Mo rò ó pé ṣé kí n fún wọn ní ẹ̀dà ti àkọ́kọ́ nìkan? Ìyẹn gan-an ni ohun tí ọkùnrin tó pè mí síbi ọkọ̀ fẹ́, apá tó fẹ́ bò ló kàn yàtọ̀.

Àkọsílẹ̀ méjèèjì ni a fọwọ́ sí. Mallam kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé ẹ̀dà òtítọ́ ni, ó kọ déètì, orúkọ àti ipò ẹ̀, ó lu òǹtẹ̀, a gba owó fọ́ọ̀mù, a já rìsíìtì fún wọn. Ọjọ́ kẹfà ni.

Lẹ́yìn náà ni ẹjọ́ rìsíìtì wá bẹ̀rẹ̀. Obìnrin 23 ni wọ́n, 17 ní rìsíìtì tó bọ́ sáàárín 90 ọjọ́, a sì rí ẹ̀dà kárúbọ́ọ̀nù tiwọn nínú yàrá irin kan náà. Ti Màmá wà níbẹ̀. Mẹ́fà ti pẹ́, ọ̀kan nínú àwọn tó tẹ̀lé Màmá wá lọ́jọ́ àkọ́kọ́ fi ọjọ́ 4 péré pẹ́, ó ní ọmọ òun wà ní ọsibítù lásìkò yẹn. Wọ́n ti kọ ẹ̀bẹ̀ sí ilé ìgbìmọ̀, ó wà nínú àgéńdà oṣù yìí, mi ò mọ bó ṣe máa rí. Èmi ni mo máa kọ mínìtì ẹ̀.

Nǹkan ti yí padà lọ́fíìsì wa, kì í ṣe gbogbo nǹkan o. Páìpù yẹn ṣì ń jò, a kàn gbé ìwé sókè ni. Ṣùgbọ́n a ti ní ìwé ńlá kan báyìí tí a ń kọ gbogbo ìpinnu sí ní ìlà kọ̀ọ̀kan: déètì, ohun tí wọ́n pinnu, ojú ewé mínìtì tó wà, àti èyí tó ṣe pàtàkì jù, ìpàdé tí wọ́n ti gbà á wọlé, bóyá pẹ̀lú àtúnṣe. Tí Màmá míì bá wá, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni. Èyí tí wọn ò tíì gbà wọlé, a ń tẹ̀ "KÒ TÍÌ WỌLÉ" gba àárín ojú ewé kọjá, ní gàdàgbà, kì í ṣe lókè lápá ọ̀tún níbi tí fọ́tòkọ́pì á ti jẹ ẹ́. A dẹ́kun jẹ́ẹ̀lì bírò, a dẹ́kun píìnì torí ó ń dípẹtà mọ́ ìwé lára, sẹ́lótéèpù àti láménéètì, ẹ má tilẹ̀ dá a láṣà, ìwé tí ẹ bá ti fi ìyẹn bò, ẹ ò lè yọ ọ́ mọ́ láé. A ń skáànù èyí tí wọ́n ti buwọ́ lù sí PDF, déètì ló ń ṣáájú orúkọ fáìlì, kí wọ́n lè tò tẹ̀lé ara wọn, ẹ̀dà kan wà lórí kọ̀ǹpútà, ọ̀kan lórí hard disk tí Mallam ń tì mọ́ yàrá irin, ọ̀kan lórí íméèlì ọ́fíìsì, kì í ṣe íméèlì ẹnikẹ́ni nínú wa. Lọ́yà Màmá ti kìlọ̀ fún wa pé tí ọ̀rọ̀ bá dé kóòtù, ohun tó bá ti inú kọ̀ǹpútà jáde ní ìwé ẹ̀rí tirẹ̀ tí wọ́n máa béèrè lábẹ́ ìpín 84 òfin ẹ̀rí, torí náà páálí dúdú ò tíì kú. December tó kọjá èmi náà pààrà ọ̀dọ̀ àwọn tó ń di ìwé. Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi mí rẹ́rìn-ín.

Ibi tó ṣì ń ká mi lára ni ìfiṣẹ́sílẹ̀. Nígbà tí ilé ẹjọ́ tó ga jù dájọ́ ní July 11, 2024 pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ tààrà sọ́wọ́ wọn, gbogbo èèyàn jó, àwọn ọmọ ilé wa ní Kwara pè mí lórí fóònù, wọ́n ní àwọn ti bọ́ lọ́wọ́ gómìnà. Àwa tí a wà nílẹ̀ Abuja ò tiẹ̀ ní gómìnà. Mo kàn ń rò ó pé owó á dé, wọ́n á jókòó, wọ́n á pín in, ta ló máa mọ ohun tí wọ́n fẹnu kò sí lọ́dún mẹ́fà sí i, tó bá jẹ́ pé akọ̀wé tó ń lọ máa kọ ibi tó kó ìwé sí, ẹni tó ń bọ̀ ò sì ní kà á? Mo ti ní kí Mallam jẹ́ kí a fi ẹsẹ̀ rìn ín, kí ẹni tó ń gbà á fọwọ́ kan ìwé kọ̀ọ̀kan kó tó buwọ́ lù ú. Ó ní ó dáa. A ò tíì ṣe é.

Ọjọ́ tí Màmá wá gba ẹ̀dà wọn, wọ́n mú náílọ́nù dúdú jáde, irú èyí tí wọ́n fi ń di ata, wọ́n fẹ́ rọ ìwé náà sínú ẹ̀. Mo ní, "Màmá, ẹ dákun, kò gbọ́dọ̀ wọ náílọ́nù, á làágùn," mo fún wọn ní àpòòwé ńlá. Wọ́n gbà á, wọ́n tún tú etí ìró, wọ́n yọ fọ́tòkọ́pì àtijọ́ yẹn, wọ́n ní kí n bá wọn lu òǹtẹ̀ sí èyí náà. Mo ní kò ṣeé ṣe, èyí kọ́ ni ohun tí ilé pinnu. Wọ́n wò mí títí. "Èyí ló sọ pé gbogbo wa," ni wọ́n wí, wọ́n ká a sí mẹ́rin, wọ́n dì í padà sétí ìró wọn.